Kíjìpá Tí A Fi Bo Ògiri

Bí irun bá ń jó lórí àgbàlagbà, Ìbíwùmí á kọ́kọ́ béèrè pé ṣé ara le, ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa, ṣé òtútù yìí ò ti pọ̀ jù, kó tó wá sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, iná kan ń jó lórí yín.” Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Àjíkẹ́ ìyá rẹ̀, tó hun kíjìpá ní Ògbómọ̀ṣọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé, ló kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ tí ìkíni kò bá ṣíwájú rẹ̀ dà bí àlejò tó já wọ yàrá onílé láìkan ilẹ̀kùn. Ó kọ́ ọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó kọ́ ọ pé àgbà, kíkúnlẹ̀ là ń kúnlẹ̀ fún un, a kì í nàka sí i lójú. Ìbíwùmí ru gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dé Padova ní Ítálì bí ẹni ru ẹyin. Ẹ̀kọ́ náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà ni Tíolúwaní. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ Àjíkẹ́. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí, Àjíkẹ́ sì ti sùn nínú Olúwa ní àsìkò òjò tó kọjá. Ó wá ku ọmọ àti àbúrò Àjíkẹ́ kan, ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Òfin ilẹ̀ Ítálì lórí irú ọ̀rọ̀ yìí kò gùn: bí ìyá bá kọ̀wé pé òun fẹ́ mú ọmọ wá kí ọmọ tó pé ọdún méjìdínlógún, ilẹ̀kùn ṣí, bí ọmọ bá ti pé e, ó di kí Ọlọ́run ṣàánú. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ni Tíolúwaní máa pé e. Ìbíwùmí ti kó gbogbo ìwé jọ, ìwé iṣẹ́, ìwé ìbí, ìwé àdéhùn ilé. Ẹyọ kan ló kù, èyí tí wọ́n ń pè ní idoneità: kí òṣìṣẹ́ Comune, ìjọba ìbílẹ̀ ìlú náà, wá wo ilé, kó jẹ́rìí pé ilé náà yẹ fún ènìyàn láti gbé. Wọ́n dá ọjọ́ fún un, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní, aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

Àdúgbò Arcella ni ilé náà wà, àjà kejì, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ agogo ọkọ̀ tram láti orí bẹ́ẹ̀dì. Yàrá méjì ni. Láti oṣù kẹwàá ni Ìbíwùmí ti ń ṣe yàrá kejì lọ́ṣọ̀ọ́ de ọmọ. Ilé ìfọṣọ ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì ti ń já bọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ bí òjò, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè tàn án jẹ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Ní ọjà àlòkù iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ti rí kọ́tìnì àrán aláwọ̀ wáìnì, tó nípọn débi pé bí atẹ́gùn bá dé ẹ̀yìn rẹ̀, ńṣe ni yóò máa béèrè ọ̀nà. Ó fi bébà àlẹ̀mọ́ dí gbogbo etí fèrèsé. Ó yọ gílóòbù funfun kúrò, ó ní iná funfun ń sọ yàrá di ọsibítù, ó fi oníyẹ́lò sí i, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀yinná nínú àdògán ní ìrọ̀lẹ́. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírun sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ ọmọ má bàa kan ilẹ̀ tútù bó bá jí gbàdúrà. Ó fi àjákù ankara rán ìrọ̀rí mẹ́ta. Ó nu termosifone, irin tó ń mú yàrá gbóná, títí ó fi ń dán, ó sì gbé ife tíì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, ife tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi mu nǹkan rí.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọmọ tí ń bọ̀ yìí, ọyẹ́ nìkan ló mọ̀. Ọyẹ́ ń gbẹni létè lásán ni, bó bá di ọ̀sán, oòrùn á bá wa lé e lọ. Òtútù Padova, inú eegun ló ń wọ̀ lọ jókòó, kùrukùru á sì tẹ́ra sójú títì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kóun dìde. Ìbíwùmí fẹ́ kí ọmọ ṣílẹ̀kùn, kí yàrá kí i kí ìyá tó kí i.

Ṣùgbọ́n ògiri kan wà.

Ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, èyí tó kọ ẹ̀yìn síta, tí oòrùn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí òtútù bá ti mú, ògiri yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Omi á máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó bá sì di oṣù kejìlá, ohun dúdú tí wọ́n ń pè ní muffa á hù sí i lára, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Ìbíwùmí á fọ̀ ọ́, á fi kànrìnkàn họ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti padà, ó ti bímọ sí i.

Signora Ornella, tàbí ká ní Ìyáàfin Ornella, ló ni ilé. Àjà òkè ni òun àti ológbò rẹ̀ ń gbé, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, opó, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní ìlú Torino tí kì í pè. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ìbíwùmí fi ń sọ ọ̀rọ̀ ògiri yìí fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń sọ ọ́. Á dín àkàrà, á bò ó nínú àwo, á gòkè lọ, á dá orúnkún kan dé ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè àlàáfíà ẹsẹ̀ tó ń dun signora, á béèrè àlàáfíà ológbò, á súre fún ọmọ Torino, nígbà tó bá sì fi máa kan ògiri, signora á ti gba àwo, á ti ní “Brava, Ibi, brava!”, bó ṣe máa ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú, ilẹ̀kùn á ti padé. Ìgbà méje ló kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí kò bá gòkè, á kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí fóònù. Kò sí ọdún tó kọjá tí kò kí i, Kérésì, Ọdún Tuntun, Àjíǹde, ọjọ́ ìbí signora. Èdè Ítálì ló fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀, Yorùbá ni: “Ẹ káàárọ̀ o, signora. Ẹ kú ọdún Kérésì. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú ìnáwó. Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kí orúnkún yín má dùn yín mọ́, kí ọmọ yín rántí yín kó wá jẹun lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀ẹ̀mìíì, a óò tún ṣe é. Ẹ bá mi kí ológbò. Àmín. Ògiri yàrá kejì ṣì ń sunkún o.” Signora á fi àwòrán ọkàn pupa kan fèsì. Ó tán.

Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ àyẹ̀wò ní oṣù kọkànlá, Ìbíwùmí gòkè lọ láìgbé àwo. Ìyẹn ti le lójú tirẹ̀.

“Signora, ẹ káàsán. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, àwọn Comune ń bọ̀ wá wo ilé nítorí ọmọ mi. Ògiri yẹn…”

“Ògiri, ògiri!” Signora Ornella gbọ́wọ́ sókè. “Ìkòkò rẹ ló ń mú ògiri lómi, Ibi mi. Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ̀ ń se nǹkan láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ̀wà, ẹran, ẹ̀wà. Ooru yẹn ńkọ́? Ara ògiri ló ń lọ! Ẹ sì ń sá aṣọ sínú ilé. Ṣí fèrèsé.”

“Ní oṣù kìíní, signora?”

“Kí ló dé? Atẹ́gùn kì í pààyàn. Ṣó o mọ nǹkan tó o máa ṣe? Fi nǹkan tó rẹwà bò ó. O ní àwọn aṣọ yín aláràbarà yẹn. Ìyá mi àgbà náà ń ṣe é nígbà òtútù, aṣọ lára ògiri. Ilé á móoru, ojú ò ní rí nǹkan kan, gbogbo wa á sì sinmi.”

Ìbíwùmí dúpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dúpẹ́! Obìnrin tó ń jí kúrò nílé ní aago márùn-ún ààbọ̀, tó jẹ́ pé Sátidé nìkan ló ń gbéná ka ìkòkò, ni wọ́n sọ fún pé ìkòkò rẹ̀ ń mú ògiri sunkún, ó sì ní “Grazie, signora”, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú ń bí i díẹ̀. Ó fi àdúrà tẹ ìbínú náà mọ́lẹ̀.

Ó wá gbé kíjìpá Àjíkẹ́ jáde.

Méjì ni Àjíkẹ́ hun nínú irú rẹ̀. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Tíolúwaní, ọ̀kan bá Ìbíwùmí kọjá òkun. Àwọn àgbà ní kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, òfì ni aṣọ àgbà, àgbà tí kò bá ní òfì kó rọ́jú ra kíjìpá. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ létí Àjíkẹ́, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé ná, ká wá mọ aṣọ tí àgbà máa tọrọ.” Ọdún tí wọ́n bí Ìbíwùmí ló hun ún, ó fi aró rẹ ẹ́ dúdú, ó wá fi òwú funfun ya ìlà mẹ́ta sí i láàárín: ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ọmọ tí ọmọ máa bí. Ó nípọn bí awọ. Bí Ìbíwùmí ṣe ń kan ìṣó, ni ó ń ki ẹni tó ni ín:

“Àjíkẹ́, a-jí-ranwú-ṣáájú-àkùkọ,
Ọmọ a-hun-kíjìpá-kó-le-bí-ọ̀rẹ́-òótọ́.
Ọyẹ́ dé, ó bá aṣọ lára ọmọ rẹ,
Ọyẹ́ padà sẹ́yìn, ó ní òun ṣìlé.”

Nígbà tó tan iná oníyẹ́lò náà, tí ìmọ́lẹ̀ sùn sára aṣọ, yàrá dà bí inú igbá tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó pe ọmọ lórí fídíò.

“Màmá!” ni Tíolúwaní kígbe. “Ṣé ti Màmá àgbà nìyẹn?”

“Òun ni. Ó ti dé yàrá rẹ ṣáájú rẹ.”

Ọmọ fi etí kíjìpá tirẹ̀ nu ojú.

Ó di ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ àyẹ̀wò. Fọláwẹ̀mí wá kí i láti ṣọ́ọ̀ṣì. Fọláwẹ̀mí yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù irun nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, ọmọ ogójì ọdún, ẹnu rẹ̀ mú ju kóòmù rẹ̀ lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Tíolúwaní, ó fọwọ́ tẹ ìrọ̀rí wò, ó yin kọ́tìnì.

“Mọ̀mí Tíolú, ẹ ṣe yàrá yìí débi pé kí n kúkú di ọmọ yín. Ọlọ́run ò ṣe é kí n jẹ́ mẹ́tàdínlógún.” Ó wá fa imú. “Ṣùgbọ́n kí ló ń rùn bí àpò gàrí tí òjò pa?”

“Níbo?”

“Níbí.” Ó sún mọ́ ògiri, ó ká etí kíjìpá sókè. “Yéè! Mọ̀mí Tíolú, ẹ wá wo nǹkan!”

Ìbíwùmí tú aṣọ kúrò lára ìṣó, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ irun, eléérú, dúdú, òmíràn dà bí ewé tútù. Ohun tí wọ́n fi bò mọ́lẹ̀ ti rí ibi ìkọ̀kọ̀ sùn, ó ti jẹun yó. Láàárín gan-an, ìlà kẹta, ìlà ọmọ-ọmọ, ti jẹrà. Ó fi ìka kàn án, ìka gba ibẹ̀ kọjá sí òdìkejì.

“Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta,” ló sọ, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rù ba Fọláwẹ̀mí. “Aṣọ tó bo èmi. Tó bo ọmọ mi nígbà tí ibà dì í. Ikán ò jẹ ẹ́. Eku ò jẹ ẹ́. Òkun ò jẹ ẹ́. Ògiri Ornella jẹ ẹ́ nínú oṣù méjì! Òun ló ní kí n fi nǹkan tó rẹwà bò ó. Èmi náà, èmi ọmọ ẹlẹ́kọ̀ọ́, mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun!”

“Ẹ̀ẹ̀meje lẹ kúnlẹ̀. Mo sọ fún yín nígbà yẹn pé obìnrin yẹn ń fi yín jẹ àkàrà ni.”

“Fọláwẹ̀mí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí.”

“Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mà. Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má jẹ́ kí inú bí yín ju ọgbọ́n lọ. Mo ní kọ́tìnì aláwọ̀ búlúù kan ní ṣọ́ọ̀bù. A ó fọ ògiri, a ó gbé kọ́tìnì kọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ Comune, yàrá ló ń wọ̀n, kì í gbé aṣọ wo ìdí. Ẹ gba ìwé yín, ẹ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà lẹ lè gòkè lọ bá a jà. Ta ló ń sọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò fún àlejò?”

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìbíwùmí gbà á. Ní Ọjọ́rú, nígbà tó dé láti ibiṣẹ́, àwọn méjèèjì fọ ògiri, wọ́n gbé kọ́tìnì búlúù kọ́, yàrá sì tún dára bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ọjọ́bọ̀ mọ́. Ìbíwùmí kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ọmọ, ó ń gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run fọ́ ojú òṣìṣẹ́ Comune, kó má rí ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ibẹ̀ ló dá àdúrà dúró. Òórùn àpò gàrí yẹn ti padà, láàárín òru kan ṣoṣo. Ó wo orí bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí ìrọ̀rí wà, ibẹ̀ ni imú ọmọ máa wà, ó ku díẹ̀ kó kan ògiri. Ohun tó jẹ kíjìpá, kí ló máa fi ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣe? Òun náà á wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ sùn síbẹ̀, á bu kọ́tìnì bò ó, á ní káàbọ̀?

“Baba, dárí jì mí,” ló wí. “Mo ń bẹ̀ Yín kẹ́ ẹ bá mi purọ́.”

Ó dìde, ó fa kọ́tìnì búlúù náà ya kúrò lára ìṣó. Ó sún bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó tan iná.

Òṣìṣẹ́ Comune dé ní aago mẹ́wàá, ọmọbìnrin kan tó gé irun kúrú, tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì kù nísàlẹ̀. Kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ tán tí Signora Ornella ti sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú òórùn dídùn rẹ̀ àti kóòtù onírun lọ́rùn, ó ní gẹ́gẹ́ bí onílé, ó yẹ kóun wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wọn yàrá àkọ́kọ́, ó wo ilé ìdáná, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó wọ yàrá kejì. “Ẹ wo bó ṣe dára!” ló ní. Nígbà náà ló rí ògiri, omi ń ṣàn lára rẹ̀, àpá dúdú ṣì wà níbẹ̀.

Signora Ornella ló kọ́kọ́ pariwo. “Dio mio! Ẹ wo nǹkan tó fi ilé mi ṣe! Ìkòkò wọn nìyẹn, mo ní kí wọ́n máa ṣí fèrèsé! Ọdún mẹ́ta, kò sọ fún mi! Kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi rí!”

Gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn! Orúnkún tó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀meje lórí òkúta àtẹ̀gùn, orúnkún náà ta Ìbíwùmí bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Gbogbo “ẹ ṣeun” tó ti ń gbé mì láti ọdún mẹ́ta yíjú padà nínú rẹ̀, wọ́n fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì gba ẹnu jáde.

“Ṣé ẹ kọ̀wé sí onílé?” ni ọmọbìnrin Comune bi í. “Raccomandata, lẹ́tà tí pósítà ń gba ìbuwọ́lùwé sí?”

“Raccomandata?” Ìbíwùmí wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó na ìyá rẹ̀. “Sí àgbàlagbà? Tó ń gbé lókè orí mi? Bíi ti ọlọ́pàá? Rárá o. Mo ń kí i ni.”

“Ẹ̀ ń kí i?”

“Lórí fóònù. Ní gbogbo ọdún.”

“Ẹ jẹ́ kí n rí i.”

Ọmọbìnrin náà gba fóònù, ó ń kà. Nígbà tó dé ibi ológbò, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé òpin, ẹ̀rín ò sí lójú rẹ̀ mọ́. Ó fa ojú fóònù sókè, ó ka òmíràn, ó tún ka òmíràn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìparí wọn síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ wọ́n.

“‘Ògiri yàrá kejì ń sunkún o.’ Kérésì àkọ́kọ́. ‘Ẹ má bínú, ògiri ti dú.’ Ọjọ́ ìbí yín, signora. ‘Mo fi ọwọ́ kàn án, omi ń ti òkè wá.’ Àjíǹde. ‘Ògiri ń sunkún síbẹ̀.’ Mẹ́tàlá ni wọ́n. Ẹ sì fi ọkàn pupa dá gbogbo wọn lóhùn.”

“Mi ò kà á dé ìsàlẹ̀ rí!” ni signora kígbe. “Ta ló lè ka gbogbo ìyẹn? Ó gùn bí ìsìn Mísà! Ọlọ́run, ẹsẹ̀, ológbò… Mo rò pé ó kàn ń kí mi ni!”

Ẹnu rẹ̀ ló fi dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Ọmọbìnrin Comune yọ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin, ó fi kan ògiri nísàlẹ̀, ó fi kàn án lókè. Ó jáde sí bàkọ́nì, ó gbójú sókè, ó pè wọ́n. Páìpù omi òjò tó ti orí òrùlé bọ̀ ti là ní ẹ̀gbẹ́ bàkọ́nì signora fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi òkùn dì í. Ọwọ́ kan ló dì í, kì í ṣe ọwọ́ Ìbíwùmí.

“Èyí kì í ṣe ti ìkòkò,” ni ọmọbìnrin náà wí. Ó yíjú sí Ìbíwùmí. “Ṣùgbọ́n mi ò lè buwọ́ lù ú lónìí, signora. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí n tó padà wá. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lónìí, raccomandata, kẹ́ ẹ so àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ògiri wà ní ìlà àkọ́kọ́.”

Ọjọ́ méjìdínlógún ló kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fọláwẹ̀mí ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wá jókòó tì í. Bébà wà níwájú Ìbíwùmí. Ó kọ “Ẹ káàsán, signora, ẹ kú òtútù”. Fọláwẹ̀mí gba bébà, ó ya á.

“Ẹ tún un kọ.”

Ó kọ “Kí Ọlọ́run”. Fọláwẹ̀mí tún ya á.

“Fọláwẹ̀mí, ọwọ́ mi ò gbà á! Bí ìgbà tí mo bọ́ra sí ìhòòhò jáde sójú títì ló rí lára mi.”

“Ẹni tó fi muffa bo aṣọ ìyá yín ńkọ́, ṣé aṣọ wà lára tiẹ̀? Mọ̀mí Tíolú, ó ní ‘kò sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún mi rí.’ Ẹ rántí rẹ̀. Ẹ wo kíjìpá yẹn.”

Ìbíwùmí wò ó. Ó wà lórí àga, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ihò ìlà kẹta ń wò wọ́n. Ó wá gbé kálámù, ó sì kọ ọ́ láìgbé orí sókè: “Ògiri yàrá kejì ń gba omi lára páìpù òjò yín. Mo ti sọ ọ́ fún yín nígbà mẹ́tàlá, ẹ̀rí rẹ̀ nìyí. Ẹ tún un ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.” Orúkọ rẹ̀ ló tẹ̀lé e. Kò sí káàsán. Kò sí ẹ kú. Nínú gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, òun ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tó kọ tí kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé e lọ sí pósítà fúnra rẹ̀.

Ẹni tí àánú ò ṣe, ẹ̀rù òfin a máa bà á. Àwọn òṣìṣẹ́ dé lọ́jọ́ kẹfà tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Wọ́n pààrọ̀ páìpù, wọ́n họ ògiri dé bíríkì, wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóná tì í lọ́sàn-án lóru, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì, ọmọbìnrin Comune padà wá, ó fi ẹ̀rọ kan ògiri, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n lè lù ú lóǹtẹ̀. Ní ọjọ́ keje, orúkọ Tíolúwaní wọlé sọ́dọ̀ ìjọba. Ọjọ́ méjì péré ló ṣẹ́kù. Ìbíwùmí wólẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dúpẹ́ títí ohùn fi há.

Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò tíì rọ̀, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn pé ó rọ̀. Lọ́jọ́ kan, òun àti Signora Ornella pàdé lórí àtẹ̀gùn.

“Buongiorno,” ni Ìbíwùmí wí, ó ń kọjá lọ.

“Ibi, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?” Signora di irin àtẹ̀gùn mú, ojú rẹ̀ sì fà ro. “O ò kí mi dáadáa mọ́. O ò kọ nǹkan sí mi mọ́. Lẹ́yìn tí mo mú ọ bí ọmọ?”

Ìbíwùmí dúró. Ó yí padà. Kò gbé ohùn sókè, kò sì dá orúnkún.

“Signora, ìkíni ọdún mẹ́ta wà nínú fóònù yín, ẹ ò tíì kà á. Ẹ padà lọ kà á. Ẹsẹ̀ yín wà níbẹ̀, ọmọ yín wà níbẹ̀, ológbò yín wà níbẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá kà á tán ni ìkíni tuntun máa tó dé.”

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé omi tíì kaná, ó sì lọ jókòó sí yàrá ọmọ lábẹ́ iná oníyẹ́lò. Ògiri mọ́ kedere, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Kíjìpá Àjíkẹ́ wà ní kíká sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀. Ó ti fi òwú funfun di ihò ìlà kẹta. Kò hun ún bí Àjíkẹ́ ṣe ń hun ún, ṣùgbọ́n ìka ò gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Fóònù dún.

“Màmá, ẹ káalẹ́. Mo ti ń ro ẹrù tí mo máa dì, bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí físà yọ. Ṣé kí n mú kíjìpá tèmi wá, ká fi bo ògiri, kí yàrá lè móoru?”

“Mú un wá,” ni Ìbíwùmí dáhùn. “Ara rẹ lo máa fi bò. Ògiri tí òtútù bá ń mú, kí ẹni tó ni ín wá wọ̀ ọ́ láṣọ.”